Skóòpù Ìbọn Afẹ́fẹ́: Ẹ Má Jẹ́ Kí Nọ́ńbà Ńlá Tàn Yín

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹ̀pẹ́ la wà, létí ọ̀sà. Ohun tó wà lórí tábìlì yìí ni skóòpù, awò tí wọ́n ń dè mórí ìbọn afẹ́fẹ́ fún ìdíje.

Kí ọ̀rọ̀ má tíì jìnnà: Òfin Ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún, ọ̀gá àgbà pátápátá fún àwọn ọlọ́pàá ló sì ń fúnni. Ẹni tí kò bá ní ìwé, awò nìkan ni kó máa fi ṣeré.

Ìdíje wo là ń sọ? Kì í ṣe ti Olympic, tí wọ́n ń yìn láti mítà 10; ìyẹn kò gba skóòpù rárá. Field target là ń sọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1980. Irin tí wọ́n gé bí ẹranko kékeré ni wọ́n ń yìn, ó ní ihò lára. Bí ọta bá gba ihò náà wọlé, irin á ṣubú. Ihò mìíràn ò ju mílímítà 15 lọ. Irin lè wà ní yáàdì 10, ó lè wà ní 55, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ wọn ọ̀nà. Awò yín ni yóò sọ ọ́.

Bí ẹ bá dọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ohun tí yóò kọ́kọ́ pariwo ni pé awò òun ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po 40 tàbí 50. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Kí ẹ wá bi í pé: yáàdì mélòó ló súnmọ́ jù tí awò yìí ti ń ríran kedere? Tí kò bá lè dé yáàdì 10, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ọ̀pọ̀ awò ìbọn ọdẹ, yáàdì 100 ni wọ́n ti dè é mọ́ láti ilé iṣẹ́.

Ẹ na ìka kan sókè báyìí, ẹ fi bo igi àgbọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ rọra gbé orí sápá kan. Ìka ti kúrò lára igi, àbí? Ohun tí àmì àgbélébùú inú awò máa ń ṣe náà nìyẹn bí awò kò bá tíì mú ọ̀nà náà dáadáa. Párálàsì ni wọ́n ń pè é. Lójú ihò mílímítà 15, ìyẹn nìkan tó láti pàdánù àmì.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn awò tó ní kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wo èyí: mo lẹ sẹ́lótéèpù funfun yí i ká. A fi téèpù wọn ilẹ̀, a gbé pátákó sí yáàdì 10, a yí kẹ̀kẹ́ títí lẹ́tà kékeré ara rẹ̀ fi hàn kedere, a sì fàlà. Lẹ́yìn náà 15, 20, títí dé 55. Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ yí kẹ̀kẹ́ títí irin fi hàn kedere, ilà tó bá dúró sí ni yóò sọ yáàdì tó wà fún yín. Bí awò bá ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú ibi tó hàn kedere ṣe máa ń tínrín tó, ibẹ̀ sì ni nọ́ńbà ńlá ti wúlò. Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀, torí láti 45 sí 55, àwọn ilà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn léra wọn.

Oòrùn wa ńkọ́? Bí awò bá gbóná, ilà tí ẹ fà láàárọ̀ lè purọ́ fún yín lọ́sàn-án. Ẹ fi bírò dúdú kọ ti àárọ̀, kí ẹ fi pupa kọ ti ọ̀sán, kí ẹ sì ṣíji bò ó títí yóò fi kàn yín.

Ìbọn oní-sípíríǹgì ní wàhálà tirẹ̀: ó ń tì sẹ́yìn, ó tún ń já síwájú. Jíjá síwájú yẹn ló ń tú inú awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn ńlá. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn afẹ́fẹ́ gan-an. Òrùka tí ẹ máa fi dè é, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ojú irin mílímítà 11 orí ìbọn mu ni ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́ ń gbà.

Ẹ kọjú awò sí ògiri funfun, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ títí àmì àgbélébùú fi mú. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí oòrùn o, ojú máa fọ́! Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ gbé e kọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, kí ìlà òró inú awò bá okùn náà dọ́gba, kí ìbọn fúnra rẹ̀ má sì dagun. Nígbà náà ni kí ẹ tó dè é pa.

Ó ku títọ́ ọta, kí ó lè máa bà síbi tí àmì àgbélébùú wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 10, kí ẹ tó lọ sí 25. Bọ́tìnì tó wà lórí awò lẹ máa yí, ó ń dún kẹ́ kẹ́. Bí awò yín bá jẹ́ ti 0.1 mrad (ìwọ̀n tí kẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń yí ojú awò), kẹ́ kan tó bá dún ń sún ọta ní mílímítà 1 ní mítà 10, àti 2.5 ní mítà 25. Ẹ yin ọta márùn-ún, kí ẹ wo àárín wọn. Bí àárín náà bá fi mílímítà 20 wà nísàlẹ̀ ní mítà 25, kẹ́ mẹ́jọ lókè ni. Ẹ tún yin márùn-ún mìíràn kí ẹ tó yí ohunkóhun.