Rábì Ovadia Yosef, ọmọ ẹlẹ́ṣọ́ọ̀bù

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí látinú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Jerúsálẹ́mù. Bàbá kan tó kó ìdílé ẹ̀ wá láti Baghdad ní 1924 ló ni ṣọ́ọ̀bù yẹn, nǹkan jíjẹ ló ń tà, owó ò sì wọlé dáadáa, ló bá ní kọ́mọ òun fi ìwé sílẹ̀ kó wá máa bá òun tajà. Ìwé ọ̀hún kì í ṣe ìwé lásán o, Porat Yosef lọmọ yẹn ń lọ, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di rábì, ìyẹn olùkọ́ òfin ẹ̀sìn Júù. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé nígbà tí bàbá yìí dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, olórí iléèwé yẹn fúnra ẹ̀, Rábì Ezra Attiya, ló bá nídìí ọjà, ó ti so aṣọ iṣẹ́ mọ́yà. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó máa tajà, òun á tà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kọ́mọ padà sídìí ìwé ẹ̀. Bàbá ò rí nǹkan kan sọ mọ́.

Ọmọ yẹn ni Ovadia Yosef. 1920 ni wọ́n bí i, ọmọ ogún ọdún ló di rábì, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Cairo, ó padà sílé, nígbà tó fi máa di 1973 òun ni olórí rábì àwọn Sephardi ní gbogbo Ísírẹ́lì, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1983. Sephardi làwọn Júù tí wọ́n lé kúrò ní Sípéènì ní 1492 tí wọ́n fọ́n ká sí Mòrókò, Tọ́kì, Íjíbítì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń ka àwọn Júù Iraq àti Yemen náà mọ́ wọn. Àwọn tó wá láti Poland, Rọ́ṣíà àti Jámánì ni Ashkenazi. Àwọn yẹn náà ní olórí rábì tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn gan-an lọ̀rọ̀ ìjọba wà lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn, wọ́n sì máa ń wo àwọn Sephardi bí ará oko.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa rèé. October 1973 logun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti Íjíbítì pẹ̀lú Síríà, ọjọ́ Yom Kippur gan-an, ọjọ́ ààwẹ̀ ńlá àwọn Júù. Nínú òfin àwọn Júù, tí ọkọ obìnrin bá sọnù tí kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí pé ó kú, obìnrin yẹn ò lè fẹ́ ẹlòmíì láéláé, wọ́n ní ó wà nínú ìdè. Ẹ wá wo ogun tí sójà ti jóná sínú ọkọ̀ ogun, kí lẹ fẹ́ rí sin? Iye àwọn ìyàwó yẹn ń lọ sí 1,000. Rábì yìí àtàwọn adájọ́ tó bá a ṣiṣẹ́ mú fáìlì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ta ló rí i kẹ́yìn, ibo ló dúró sí, kí ni wọ́n bá níbẹ̀. Kò sọ pé òfin ò dáa o, inú òfin náà ló ti wá ọ̀nà, ó sì tú wọn sílẹ̀. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ẹni tí ò mọ̀wé náà lè sọ pé èèwọ̀ ni, kò ní ná an ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n kó o tó lè ní kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ mọ̀wé dénú eegun.

Ọdún yẹn kan náà ló sọ pé Júù pọ́ńbélé làwọn Beta Israel ní Etiópíà, àwọn èèyàn dúdú bíi tiwa, àwọn rábì míì ń ṣiyèméjì lórí wọn nígbà yẹn. Ìwé rábì kan tó gbé ní Íjíbítì ní ohun tó lé ní 400 ọdún ṣáájú ìgbà yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ lé.

Ó wọṣọ ìgúnwà tí wọ́n fi òwú góòlù ṣiṣẹ́ sí, láwàní lórí, gíláàsì dúdú lójú, tínú ẹ̀ bá sì dùn sí ẹ á gbá ẹ lẹ́rẹ̀kẹ́, kódà kó o jẹ́ mínísítà. Àwọn mínísítà sì máa ń wá lóòótọ́, torí Shas, ẹgbẹ́ òṣèlú tó dúró tì, gba ìjókòó 4 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1984, ó di 17 nínú 120 ní 1999, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ìjọba tí ò ní yà lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀, hà! Ní 2010 ó wàásù pé torí kí àwọn tí kì í ṣe Júù lè máa sin Júù ni Ọlọ́run ṣe dá wọn, àwa tá a jókòó síbí wà níbẹ̀ o. Ohun tó sọ ní 2000 nípa àwọn Júù tí Hitler pa tún burú ju ìyẹn lọ, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ayé tí wọ́n kọ́kọ́ wá ni wọ́n ń jìyà ẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ máa ń ní wọn ò gbọ́ ọ yé ni. Èmi rò pé ó yé wa dáadáa. Ẹni tó lè fi ọ̀pọ̀ òru wá ọ̀nà fún opó kan ló tún sọ̀rọ̀ yẹn, èmi ò sì lè fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

October 7, 2013 ló kú, ẹni ọdún 93. Ọ̀sán ló kú, alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sin ín, síbẹ̀ pọ́líísì ní èèyàn tó jáde ń lọ sí bí 800,000, nínú orílẹ̀-èdè tí gbogbo ẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 lọ. Títì ò gbẹsẹ̀ mọ́. Porat Yosef ni wọ́n ti gbé e gbéra.