Lọ́ọ̀jì Sàfárì fún Alẹ́ Mẹ́ta: Kí Lẹ Fẹ́ Fi Owó Yín Rà Gan-an?

Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kú alẹ́ o, èyí tó bá bọ́ sí àsìkò tí ẹ ń wò wá. Láti Adó-Èkìtì níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi yẹn, ẹ má kà á sí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ni.

Bọ̀dá kan tó ń ta sìmẹ́ńtì nílùú yìí ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun àti ìyàwó òun máa pé ọdún 25 nínú ìgbéyàwó ní February. Àwọn ọmọ ti dáwó jọ, wọ́n ní kí màmá àti bàbá àwọn lọ wo ẹranko, kí wọ́n sì sun ibi tó gbayì. Alẹ́ mẹ́ta péré ni wọ́n máa lò nínú igbó. Ó wá fi fọ́tò lọ́ọ̀jì mẹ́rin tì í lẹ́yìn. "Àbúrò, èwo ni ká mú?"

Mo wo fọ́tò títí. Ibùsùn ńlá, báàfù tó dojú kọ pápá, súwímìn púùlù, wáìnì lórí tábìlì. Nínú gbogbo fọ́tò yẹn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà kan ṣoṣo ni ẹranko tí mo rí, awọ rẹ̀ ni wọ́n sì tẹ́ sílẹ̀ nínú pálọ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká fi yàrá sílẹ̀ ná. Orí ilẹ̀ ta ni ilé yìí wà?"

Kí n tó máa ṣe bí ọlọ́gbọ́n níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ojú tí èmi náà ti rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí Kenya, púùlù ni mo fi yan lọ́ọ̀jì tèmi. Púùlù náà dára, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ẹ̀yìn ẹnubodè igbó ni lọ́ọ̀jì wà, ó jìnnà sí ẹnubodè fún bí ìṣẹ́jú àádọ́ta. A jí ní ìdájí, a wakọ̀ títí, a tò lórí ìlà láti sanwó, ìgbà tí a fi máa wọlé, oòrùn ti yọ, kìnnìún ti lọ sùn. Èèyàn mẹ́jọ la wà nínú bọ́ọ̀sì kékeré kan tí wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀, àárín lẹ́yìn pátápátá ni wọ́n fi mí sí. Ẹnì kan ń wá ẹyẹ, ẹnì kan ń wá kìnnìún, ọmọ kan fẹ́ tọ̀. Nígbà tí erin àkọ́kọ́ máa kọjá, kí n tó yọrí lókè, ìdí rẹ̀ ló kù tó ń wọgbó lọ. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Èmi gan-an, fìrí yẹn ni mo rí, mo sì fi dọ́là san owó rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè ilẹ̀ kí n tó béèrè yàrá. Ẹ jẹ́ ká mú Maasai Mara ní Kenya, tí ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Igbó tí ìjọba ìbílẹ̀ Narok ń bójú tó wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sanwó ẹnubodè, ó lè wọlé. Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, gbogbo ọkọ̀ á padà sílé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ìjọba yìí ni ilẹ̀ àwọn ìdílé Maasai, ẹ̀yà darandaran tó ń gbé ibẹ̀, wà: Mara North, Olare Motorogi, Naboisho. Àwọn lọ́ọ̀jì ń san owó ilẹ̀ fún àwọn ìdílé yìí. Ẹ ṣáà mọ ìṣákọ́lẹ̀ nílé wa, ó fara jọ ọ́. Àdéhùn wọn ni pé kí àgọ́ má pọ̀ jù, kí ọkọ̀ má sì máa gun ara wọn. Kò sí ògiri láàárín ilẹ̀ méjèèjì, kò sí wáyà. Kìnnìún ò mọ ibi tí ti ìjọba parí sí. Àmọ́ ní ilẹ̀ onílẹ̀ yìí, awakọ̀ lè yà kúrò lójú ọ̀nà tọ ẹkùn lọ, ẹ lè jáde lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ńlá, ẹ sì lè fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹni tó mọ igbó.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní South Africa. Kruger, igbó ẹranko ìjọba wọn, tóbi: ẹ kó ìpínlẹ̀ Èkìtì mẹ́ta jọ, kò tíì tó o. Ọkọ̀ tiyín lẹ lè wà wọlé níbẹ̀, ó rọrùn lówó, ìyẹn náà sì ní adùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Sabi Sand tó pààlà pẹ̀lú rẹ̀, ilẹ̀ àdáni ni, wọ́n sì ti wó wáyà tó wà láàárín wọn láti 1993. Ẹranko Kruger kan náà ni, òfin ló yàtọ̀. Níbẹ̀, tí ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta bá ti wà lọ́dọ̀ ẹkùn kan, àwọn yòókù á dúró lókèèrè títí ó fi máa kàn wọ́n. Ẹ fi ìyẹn wé etí odò Mara láàárín July sí October, nígbà tí àwọn wildebeest, ẹranko oníwo tó fara jọ màlúù, bá ń sọdá. Ẹ máa rí ọkọ̀ tó tò bí ìgbà tí epo bẹntiróòlù bá wọ́n ní Adó.

Lẹ́yìn ilẹ̀, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló kàn. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, ẹ má bínú tí mo bá pẹ́ lórí rẹ̀.

Ní Sabi Sand, jíìpù máa ń ní àga kékeré kan níwájú, lókè bọ́nẹ́ẹ̀tì, lápá òsì. Atọpasẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀, afinimọ̀nà ló ń wakọ̀. Ọmọ Shangaan, ẹ̀yà kan níbẹ̀, ni atọpasẹ̀ tiwa. Ìdájí ọjọ́ kejì, òtútù ń mú bíi ti ọyẹ́, a ti fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé ara wa títí dé ọrùn. Ọkùnrin yìí kàn gbé ọwọ́ sókè. Afinimọ̀nà pa ẹ́ńjìnnì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan nàka sí ilẹ̀ yanrìn. Èmi ò rí nǹkan kan. Ó ní ká wò ó dáadáa: ipa táyà ọkọ̀ tó kọjá lálẹ́ àná nìyí, ipa ẹsẹ̀ ẹkùn ló wá wà lórí rẹ̀ yìí. Ẹkùn náà kọjá lẹ́yìn ọkọ̀ nìyẹn, kò sì tíì lọ jìnnà. Mo rántí bàbá bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ. Wọ́n lè tẹ̀ba mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà oko, kí wọ́n fi ìka kan ewé, kí wọ́n sọ fún yín pé abo ẹtu ni, ó sì lóyún. Wọn ò lọ síléèwé kankan.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí a fi rí ẹkùn náà lórí igi marula, ó gbé impala kan, ẹranko tó fara jọ ẹtu, há àárín ẹ̀ka méjì, ìrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí okùn. A jókòó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. A gbọ́ bó ṣe ń fọ́ egungun.

Púùlù wà ní lọ́ọ̀jì yẹn náà. N kò fẹsẹ̀ kàn án.

Nítorí náà, tí ẹ bá kọ̀wé sí lọ́ọ̀jì, ẹ bi wọ́n pé: èèyàn mélòó nínú ọkọ̀ kan? Ṣé atọpasẹ̀ wà, àbí awakọ̀ nìkan? Ṣé afinimọ̀nà kan náà ló máa wà pẹ̀lú wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn? Tí wọ́n bá ní "ọkọ̀ wa tura gan-an", ìdáhùn kọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dárúkọ iye. Mẹ́fà dára, tó bá ti ju mẹ́fà lọ, ẹnì kan á jókòó sí àárín, ẹ sì ti gbọ́ ìtàn ẹni tó jókòó sí àárín.

Ó kan ìṣirò. Sàfárì máa ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́. Láti pápákọ̀ Wilson ní Nairobi, ọkọ̀ òfurufú kékeré máa gbé yín dé Mara ní bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ẹ dé, ẹ jáde nírọ̀lẹ́: ẹ̀kan. Ọjọ́ kejì, ẹ̀mejì. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀mejì. Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa padà, ẹ̀kan. Ó di mẹ́fà. Tó bá jẹ́ ọ̀nà ilẹ̀ ni, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni. Ti ọjọ́ tí ẹ dé lè bọ́, ti ọjọ́ tí ẹ ń padà máa bọ́. Ó ku mẹ́rin. Owó ọkọ̀ òfurufú tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́, ẹ ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta ìrìn yín dí i. Ìdí kan náà ni mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ má pín alẹ́ mẹ́ta sí lọ́ọ̀jì méjì. Ẹrù ni ẹ máa dì, ẹrù ni ẹ máa tú.

Ẹ sì rántí pé Wilson kọ́ ni ọkọ̀ tó bá ti Èkó wá ń balẹ̀ sí. Pápákọ̀ ńlá Jomo Kenyatta ni, ẹ máa la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nairobi kọjá kí ẹ tó dé Wilson. Ẹ sun Nairobi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ní ti Kruger, Johannesburg ni ẹ máa dé, ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Skukuza nínú Kruger sì ń gbéra láti pápákọ̀ yẹn kan náà.

Owó ńkọ́? Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀ rèé: orí èèyàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ka owó sí, lálaalẹ́, kì í ṣe orí yàrá bíi ti hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ̀ wa. Tí ẹ bá rí 700 dọ́là, ti ẹ̀yin méjì jẹ́ 1,400 lálẹ́ kan. Lọ́ọ̀jì tó dáa sábà máa ń fi oúnjẹ, ìrìn sàfárì àti aṣọ fífọ̀ sínú rẹ̀. Ohun tó sábà ń wà níta ni ọkọ̀ òfurufú, owó igbó, àti ohun tí ẹ máa fún afinimọ̀nà lọ́wọ́. Owó igbó yìí kì í ṣe kékeré o. Láti 2024, 100 dọ́là ni àlejò ilẹ̀ òkèèrè ń san lójúmọ́ ní igbó ìjọba Mara láti January sí June. Láti July sí December, 200 ni. Tọkọtaya tó lo ọjọ́ mẹ́ta ní August ti fi 1,200 dọ́là sílẹ̀ lẹ́nubodè, wọn ò tíì jẹun. Ilẹ̀ àwọn ìdílé Maasai ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ béèrè bóyá ó wà nínú iye tí wọ́n pè.

Lọ́ọ̀jì tó bá ní kí ẹ wá fọwọ́ pa ọmọ kìnnìún lórí, tàbí kí ẹ bá kìnnìún rìn, ẹ sá fún un. Ní South Africa, ọ̀pọ̀ irú ọmọ kìnnìún bẹ́ẹ̀, bó bá ti dàgbà, inú ọgbà ni wọ́n ti ń tà á fún ẹni tó máa yìnbọn fún un. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní Kenya ti jìnnà jù. Ẹ wo igbó ẹranko Mole ní Gánà: ẹ ò nílò físà, ẹ fò láti Accra sí Tamale, kí ẹ wá wakọ̀. Zaina Lodge wà nínú igbó náà, ó dojú kọ adágún tí erin ti ń mumi. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, January sí March. Kìnnìún ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, erin ni ẹ ń lọ wò. Yankari ní Bauchi náà ní erin, omi Wikki rẹ̀ sì ń lọ́wọ́ọ́rọ́ bíi ti Ìkógòsì wa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ibi fàájì olówó ńlá ò ní rí i níbẹ̀. Nílé wa níbí pàápàá, ìnàkí wà nínú igbó ọba Ìsẹ̀-Èkìtì. Ẹ bi àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ wò bóyá wọ́n mọ̀.

Kí ni bọ̀dá wa wá mú? Fídíò àwọn wildebeest tó ń sọdá odò ló wọ̀ wọ́n lójú, mo sì ní láti sọ fún wọn pé ní February, ọ̀pọ̀ wọn ti wà ní apá gúúsù Serengeti, ní Tanzania, níbi tí wọ́n ti ń bímọ. Inú wọn kọ́kọ́ bàjẹ́. Mo ní kìnnìún, ẹkùn, erin àti àgùnfọn ò bá wọn lọ, Mara ni wọ́n ń gbé jálẹ̀ ọdún. Wọ́n kọ̀wé sí lọ́ọ̀jì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Méjì dáhùn pẹ̀lú fọ́tò yàrá mìíràn. Ìkẹta ò dárúkọ iye. Ìkẹrin kọ ọ́ pé: èèyàn mẹ́fà, afinimọ̀nà kan náà títí dópin, àgọ́ mẹ́wàá, Naboisho. Òun ló kéré jù nínú mẹ́rin, kò ní báàfù.

Ẹrù ló kù. Kílò 15 péré ni ọkọ̀ òfurufú kékeré yẹn ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, àti èyí tí ẹ gbé dání, báàgì rírọ̀ sì ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe àpótí. Gáná-mọ́s-gò gan-an á wọlé. Nọ́lọ́ọ̀nù ni kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀, Kenya ti fòfin de é láti 2017. Lánàá, ìyàwó wọn pè mí lórí fídíò, báàgì wà lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jẹ́ kílò 19. Wọ́n ti da iyán ẹlẹ́bu kúrò nínú nọ́lọ́ọ̀nù sínú ike, wọ́n ní ugali tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ ò lè gbé ọmọ Èkìtì dúró fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo gbọ́ ohùn bọ̀dá lẹ́yìn, wọ́n ní kí ike jáde. Màmá ò dáhùn. Agbádá kejì ni wọ́n fà jáde, wọ́n sì tún báàgì gbé sórí ìwọ̀n.