Òkèlè tá a dà sétí odò Àlà

Sàlámù aláékùm ẹ̀yin ará, Jímọ̀ tún dé, kí Ọlọ́hun gba ìjọsìn wa, àmín. Mi ò ní kí yín pẹ́, inú ló ń bí mi.

A lọ wòlímọ̀ kan lọ́jọ́ Sunday ní Àkúrẹ́ níbí. Wọ́n gbé iyán wá, ìrẹsì tẹ̀lé e, àwọn èèyàn ṣa ẹran jẹ, wọ́n ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tá a ń lọ mo rí ọmọkùnrin kan tó ń wọ́ àpò dúdú méjì, mo ní kó ṣí i kí n wò ó: iyán tó ṣì funfun báláú, ìrẹsì, nylon, páàkì tí kì í jẹrà, gbogbo ẹ̀ lù pọ̀. Etí odò Àlà ló dà á sí. Odò tá à ń sunkún pé ó ń kún wọlé wa tójò bá rọ̀! Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, gàrí lásán ni ìyá àgbà ẹ̀gbẹ́ ilé wa mu sùn.

Ẹ rántí Jábírì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ̀lé Ànábì. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò tí wọ́n máa fi dènà ọ̀tá ní Mẹdínà, ebi pa Ànábì (SAW) débi tó so òkúta mọ́ ikùn. Jábírì sáré lọ bá ìyàwó ẹ̀, kí ló wà nílé? Ọkà báálì díẹ̀ àtọmọ ewúrẹ́ kan. Obìnrin náà lọ ọkà, ọkọ pa ewúrẹ́, ìyàwó ní má dójú tì mí o, oúnjẹ ò pọ̀. Jábírì wá yọ́ sọ fún Ànábì pé kó mú ẹnì kan tàbí méjì dání, àfi bí Ànábì ṣe pe gbogbo àwọn tó ń gbẹ́ kòtò! Èèyàn 1,000 jẹ yó, ìkòkò ṣì ń hó. Ibi tó máa ń mú omi bọ́ lójú mi nìyí: oúnjẹ ṣẹ́ kù, Ànábì sọ fún obìnrin náà pé jẹ nínú ẹ̀, kó o sì fún àwọn èèyàn, torí ebi ń pa wọ́n.

Àwa ńkọ́? Àlùkùránì 17:27 pe àwọn àpà ní ọmọ ìyá Ṣàétánì, a sì ń fi aṣọ ẹbí ṣe é! Ta ló ní dandan ni kí ẹran mẹ́rin wà lórí abọ́ kan? Màlúù tó jẹ koríko, tó mu omi fọ́dún mélòó, tí wọ́n fọkọ̀ gbé wá látòkè Ọya, ẹ gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan ẹ jù ú nù. Ẹ̀wà ń fún ara lókun, ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí gan-an ń lọ́ràá sí i. Tẹ̀tẹ̀ àti ewúro kún Ọjà Ọba, ẹ rà á.

Wòlímọ̀ ọmọ tèmi ń bọ̀, ẹ̀wà àti iyán ni, ẹran kan ṣoṣo lórí abọ́. Abọ́ tá a máa fọ̀ la máa lò. Ẹ mú kúlà yín dání, ìyá àgbà yẹn la ó kọ́kọ́ bu tiẹ̀ fún.