Ẹ fún kánsẹ́lọ̀ ilé ìwé ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tíṣà àtàwọn òbí sọ nìyí lórí kánsẹ́lọ̀ ilé ìwé, ìyẹn ẹni tó ń gbọ́ ìṣòro àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, mo tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí ò ráyè wá.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí wa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Philadelphia l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1896. Tíṣà kan mú ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 lọ bá Lightner Witmer, onímọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, ní Yunifásítì Pennsylvania, orí ọmọ náà pé, àmọ́ kò lè sípẹ́lì rárá. Witmer ò pè é ní olódo o, ó yẹ ojú ẹ̀ wò, ó rí i pé ojú ọ̀hún ní ìṣòro, wọ́n ṣe gíláàsì fún un, wọ́n sì jókòó tì í kọ́ ọ níwèé. Ọdún yẹn náà ni Witmer dá kílíníìkì ẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ sàìkọ́lọ́jísì ilé ìwé, ìyẹn àwọn tó ń wádìí ohun tó ń dí ọmọ lọ́wọ́ níléèwé, ti mú gbòǹgbò. Mo mọ àwọn tó máa ń sọ pé nǹkan òyìnbó nìyẹn, pé pàṣán ti tó ọmọ. Ọmọ tí ò rí bọ́ọ̀dù, tẹ́ ẹ bá nà án dọ̀la, ṣé á wá rí i ni?

Tiwa ńkọ́? Àwọn sísítà Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ lọ́dún 1959, wọ́n pe àwọn oníṣẹ́ oríṣiríṣi wá bá àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Ó dáa gan-an. Àmọ́ ojú ibẹ̀ náà lọ̀pọ̀ ilé ìwé wa ṣì wà: "Sáyẹ́ǹsì ni àbí Áàtì?", ó parí. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ kú láàárín táàmù, ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé ó ń kólòlò, èyí tó ń tajà dòru tó wá ń sùn ní kíláàsì, ta ni kí wọ́n lọ bá?

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iye tó yẹ kí irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ (NASP, ẹgbẹ́ àwọn sàìkọ́lọ́jísì ilé ìwé l'Amẹ́ríkà, ní kí sàìkọ́lọ́jísì kan máa bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ 500), àmọ́ àkókò ti ń lọ, tíṣà obìnrin kan sì nawọ́ látẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, inú staff room ni tábìlì kánsẹ́lọ̀ wa wà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni tíṣà màáàsì ti ń máàkì ìwé. Ọmọ wo ló máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Mo pa gbogbo ìyókù tì, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó fẹ́ sọ ohun tójú ẹ̀ ń rí nílé, á wo ọ̀tún, á wo òsì, tó bá ti rí tíṣà mẹ́ta tó ń wò ó, á ní, "Mà, orí ló ń fọ́ mi." Wọ́n á fún un ní Panadol, á padà sí kíláàsì, ó tán.

Bàbá kan wá dìde: "Ṣé kí kánsẹ́lọ̀ wá máa fi ọ̀rọ̀ ọmọ mi pa mọ́ fún mi ni?" Rárá, sà. Tí ẹ̀mí ọmọ bá wà nínú ewu, tàbí tẹ́nì kan ń fìyà jẹ ẹ́, kánsẹ́lọ̀ gbọ́dọ̀ sọ fẹ́ni tó lè gbà á, kó sì ti jẹ́ kọ́mọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyókù ò gbọdọ̀ dọ̀rọ̀ staff room.

Ẹ̀yin purinsípà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi kánsẹ́lọ̀ sídìí pàṣán ní assembly mọ́, ọmọ tó nà láàárọ̀ ò ní wá bá a lọ́sàn-án. Stóò tẹ́ ẹ ń kó àga fífọ́ sí yẹn, ẹ kó o jáde, ẹ gbá a, ẹ gbé àga méjì síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀ kó lè máa tì.