Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ dẹ́nsítì òkúta láìní òṣùwọ̀n

Ẹ káàbọ̀. Ohun tó wà lórí tábìlì yìí ni rúlà oní mítà kan, òwú ìránṣọ, abọ́ ìke tó jinlẹ̀, omi, àgádágodo kan àti òkúta. Kò sí òṣùwọ̀n níbẹ̀, a ò sì ní lò ó. Ohun tá a fẹ́ mọ̀ nìyí: bí òkúta àti omi bá gba àyè kan náà, ìlọ́po mélòó ti omi ni ìwúwo òkúta?

Ní Abẹ́òkúta níbí, òkúta kì í ṣe nǹkan àwárí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gé lára Olúmọ. Gíránáìtì táwọn bíríkìlà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ti tó. Ẹ mú ẹyọ kan tó tó ẹyin adìẹ ńlá, tí kò sán. Ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ erùpẹ̀ pupa ara rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ sá a kó gbẹ.

Ẹ so òwú mọ́ àárín rúlà, kẹ́ ẹ fi kọ́ irin fèrèsé. Ẹ máa sún òwú náà díẹ̀díẹ̀ títí rúlà á fi dọ́gba, tápá kankan ò ní rẹlẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ orí 50. Tiwa yìí dọ́gba lórí 49.6. Bẹ́ ẹ bá fipá so ó mọ́ 50, ìwúwo rúlà fúnra rẹ̀ á máa fa apá kan wálẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kà lẹ́yìn ìyẹn á sì yẹ̀. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ òwú náà mọ́bẹ̀. Ẹ pa fáànù.

Ó yá, ẹ so òkúta sápá òsì, kó jìnnà tó 20 sẹ̀ǹtímítà sí òwú àárín. Sí òwú àárín ni o, kì í ṣe sí ìparí rúlà. Ibí lọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì: nọ́ńbà tí wọ́n bá rí lójú rúlà ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, wọn ò ní rántí 49.6. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ òwú òkúta náà, torí kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ mọ́ títí a ó fi parí.

Ẹ kọ́ àgádágodo sápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ máa sún un títí rúlà á fi tún dọ́gba. Tiwa dọ́gba lórí 79.6. Ẹ yọ 49.6 kúrò, ó ku 30. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Òkúta wúwo, àmọ́ ó sún mọ́ àárín. Àgádágodo fúyẹ́, àmọ́ ó jìnnà. Bẹ́ ẹ bá fi ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́po bó ṣe jìnnà sí àárín, iye kan náà lẹ máa rí, ìdí nìyẹn tápá kan ò fi lè borí èkejì.

Ẹ wá gbé abọ́ omi sábẹ́ òkúta, kẹ́ ẹ rọra gbé e sókè títí omi á fi bo òkúta dáadáa. Ẹ rí i? Apá òkúta ti gbéra. Ẹni tó bá ti fa omi nínú kànga rí mọ ọ̀rọ̀ yìí: garawa kì í wúwo títí á fi yọ lójú omi. Gbogbo ara òkúta lomi ń tẹ̀, àmọ́ bómi bá ṣe jìn tó ló ṣe ń tẹ nǹkan le tó. Títẹ̀ tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá ju ti òkè lọ, ohun tó sì fi jù ú ló ń gbé òkúta. Bómi bá ti bo òkúta tán, kò sí àǹfààní nínú kẹ́ ẹ tún rì í sísàlẹ̀ sí i: ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ á jọ lékún ni, ohun tí ọ̀kan fi ju èkejì ò ní yí pa dà.

Ẹ sún àgádágodo wá sí àárín títí rúlà á fi dọ́gba. Ó dúró lórí 68.3, yọ 49.6, ó ku 18.7.

Ìṣirò kù. 30 yọ 18.7 jẹ́ 11.3. 30 dúró fún ìwúwo òkúta, 11.3 sì dúró fún ohun tómi gbé lára rẹ̀, tó jẹ́ ìwúwo omi tó gba àyè kan náà pẹ̀lú òkúta. Ẹ fi 11.3 pín 30: 2.65. Òkúta yìí wúwo tó omi lọ́nà 2.65, ìyẹn nǹkan bíi 2,650 kílò nínú mítà kúbíìkì kan. Láàárín 2.6 sí 2.8 ni gíránáìtì sábà máa ń wà. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé a ò mọ ìwúwo àgádágodo rárá, a ò sì nílò rẹ̀. Àgádágodo kan náà la lò lẹ́ẹ̀mejèèjì, torí náà ó ti pa ara rẹ̀ rẹ́ nínú ìṣirò. Bákan náà ni 20 tá a fi òkúta sí.

Bí tiyín bá jẹ́ 2.3 tàbí 2.4, ẹ wo abọ́. Ó ṣeé ṣe kí òkúta ti fara kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí abọ́ máa bá omi gbé e. Àbí ìhó afẹ́fẹ́ rọ̀ mọ́ ọn? Ẹ fi ìka nù ún kúrò lábẹ́ omi. Ẹ má sì jẹ́ kí àgádágodo sún mọ́ àárín jù níbẹ̀rẹ̀. Ká ní 10 la kọ́kọ́ kà dípò 30, àṣìṣe mìlímítà méjì péré lè sọ 2.65 di 2.5 tàbí 2.8.

Ẹ má ṣe fi yangí bẹ̀rẹ̀. Ihò inú rẹ̀ máa ń fa omi: ẹ ó rí ìhó tí ń jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, apá òkúta á sì máa rọra rẹlẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó, débi pé ẹ ò ní mọ èyí tẹ́ ẹ máa kà. Bó bá jẹ́ yangí lẹ fẹ́ dandan, ẹ yọ́ àbẹ́là, kẹ́ ẹ rì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó bo ara rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá ti gan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látorí kíkọ́ ọ láìsí omi.