Bí A Ṣe Ń Gun Bùgí Bọ́ọ̀dù Lẹ́yìn Ìrìn Àjò Igbó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa l'Ábẹ́òkúta. Tí ẹ bá rin igbó kìjikìji Omo ní J4, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, tán, níbi tí erin ṣì ń gbé títí dòní, tí ẹ sì fẹ́ fi òkun kádìí ìrìn àjò yín, bùgí bọ́ọ̀dù ni kí ẹ gùn, ìyẹn pátákó fóòmù tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun. Kò sí pé ẹ ń dìde dúró lórí omi. Ikùn lẹ máa fi lé e. Tom Morey ló ṣe àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Hawaii lọ́dún 1971: ó fi ọ̀bẹ oníná gé fóòmù, ó tẹ́ ìwé ìròyìn lé e, ó sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi dán.

Odò Ògùn tiwa kò ní ìgbì, torí náà ó di Èkó. Ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ wọ̀ lọ sí etíkun Tarkwa Bay níbẹ̀. Òkúta tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà èbúté ń dín agbára òkun kù níbẹ̀, ìgbì ibẹ̀ sì rọ̀ ju ti etíkun tó dojú kọ òkun gbangba. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, òkun máa ń le gan-an. Ẹni tó ń kọ́ ọ, kó dúró de ọ̀gbẹlẹ̀.

Ẹ má ti inú igbó bọ́ sínú omi lọ́jọ́ kan náà. Ẹsẹ̀ tó ti fa ẹrẹ̀ láti àárọ̀, pajápajá ló máa mú un láàárín omi. Ẹ sùn mọ́jú, ẹ mu omi dáadáa. Ẹ fi ọṣẹ fọ oògùn ẹ̀fọn kúrò lọ́wọ́, torí ó ń yọ̀. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pátákó á ha yín níkùn.

Ẹ gbé pátákó náà nàró sílẹ̀: kí imú rẹ̀ dé ìdodo yín. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ìyẹn tó nǹkan bí ínṣì 42. Ẹ so okùn rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, kí ìka kan lè wọ abẹ́ ẹ̀.

Bí ẹ bá ń rìn wọlé, ẹ̀gbẹ́ yín ni kí pátákó wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé e síwájú àyà, ìgbì á sì fi gbá wọn lẹ́nu. Kí omi tó dé ìbàdí, ẹ dúró. Ẹ kọjú sí etíkun, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di imú pátákó mú, kí ìdí rẹ̀ kan ìsàlẹ̀ ikùn yín, kí ẹ wá máa bojú wẹ̀yìn. Ìgbì tó ti fọ́, tó ń hó funfun, lẹ ń wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan tó ń gùn ún ṣe àpẹẹrẹ. Ìgbì ku nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí i. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti yanrìn, ó lọ síwájú, kò fò sókè. Ìgúnpá rẹ̀ wà lórí pátákó, àyà rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì wà létí ìdí pátákó gẹ́lẹ́. Ibi tí ìbàdí bá wà yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Tí ẹ bá lọ síwájú jù, imú pátákó á wọ omi, ẹ ó sì dojú dé. Tí ẹ bá kù sẹ́yìn jù, tàbí tí ẹsẹ̀ yín ń wọ́ nínú omi, ìgbì á gba abẹ́ yín kọjá lọ. Ínṣì méjì péré ló máa ń tún un ṣe. Tí pátákó bá ń yí po, ìgúnpá kan ló ń tẹ̀ ẹ́ ju èkejì lọ.

Láti yà, ẹ fi ara tẹ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ lọ, kí ojú yín sì wo ibẹ̀. Láti dúró, ẹ fà sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ wọ omi. Ẹ má fi orí sọ kúrò lórí pátákó láé: omi ibẹ̀ lè má ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ọrùn ló sì máa kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Bí omi bá ń fà yín lọ sójú òkun, ẹ di pátákó mú, ẹ nawọ́ sókè kí wọ́n rí yín. Ẹ má bá a jà. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun títí agbára rẹ̀ á fi dẹ̀, kí ẹ tó kọjú sí ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìwẹ̀, kó má fi pátákó ṣe ẹ̀wù ìléfòó.

Tí ẹ bá jáde, ẹ fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣan án. Ẹ má fi í sínú búùtù mọ́tò nínú oòrùn títí ẹ ó fi délé, torí gọ́ọ̀mù tó lẹ awọ ẹ̀ mọ́ fóòmù á yọ́, á sì wú. Ní ìdúbúlẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú ẹ̀; tó bá fara ti ògiri pẹ́, imú rẹ̀ á tẹ̀.