Àwọn Onífìlà Luton àti Bọ́lẹ̀kájà Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àtijọ́. Bedford ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ọkọ̀ tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ bọ́lẹ̀kájà láyé àwọn òbí wa.

Luton tí mò ń gbé níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Dunstable, ìlú ọjà míì tó wà nítòsí. Luton fúnra rẹ̀, ìlú ọjà ni. Ìwé Domesday ti 1086, ìyẹn ìwé tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n fi ṣàkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti ohun ìní, ti mẹ́nu ba ọjà rẹ̀. Fìlà ló wá sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn obìnrin àti ọmọdé abúlé á fi pòròpórò àlìkámà hun ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á gbé e wá sọ́jà fáwọn onífìlà. Nígbà tó di 1869, wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn ńlá fún ọjà ọ̀já yìí nìkan. Onífìlà náà ni wọ́n ṣì ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Luton títí dòní.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ fìlà ní sáà tirẹ̀, obìnrin ló sì pọ̀ jù nídìí ẹ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin ò tó. Làwọn aláṣẹ ìlú àtàwọn oníṣòwò bá ń ké sí àwọn iléeṣẹ́: ẹ máa bọ̀, ilẹ̀ ò wọ́n níbí, reluwé ń bẹ, iná mànàmáná ń bẹ. Vauxhall, tó ń ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣe mọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1903, àyè ò sì gbà wọ́n mọ́. Wọ́n kó dé Luton ní 1905.

Orúkọ ẹnjiníà làwọn tó ń pìtàn mọ́tò máa ń kà sí wa létí. Lójú tèmi, àwọn obìnrin tó ń hun pòròpórò yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ.

General Motors, iléeṣẹ́ mọ́tò ti Amẹ́ríkà, ra Vauxhall ní 1925, Vauxhall sì gbé ọkọ̀ Bedford jáde ní 1931. Nígbà tó bá ọkọ̀ òkun dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀ńjìnnì, táyà àti ṣáásì (irin abẹ́ ọkọ̀) ló sábà máa ń jẹ́. Káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, tó ń to bẹ́ńṣì sí i, kí ẹlòmíì tó wá kọ òwe tàbí àdúrà síwájú ọkọ̀. Ẹni tó bá ní òyìnbó ló ṣe bọ́lẹ̀kájà, ẹ bi í pé ta ló kan pákó!

Ìyá tó bí ìyá mi, ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ni n'Íkirè. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù lọ sí Apòmù, ọjà tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé kí mọ́tò tó dáyé. Ìgbà tí bọ́lẹ̀kájà dé ni wọ́n tó ń fojoojúmọ́ ná ọjà Ìbàdàn. Màmá ò fẹ́ràn àwọn dírẹ́bà yẹn o, èébú tí Màmá ń bú wọn kò ṣeé sọ lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ló rán ìyá mi níléèwé.

Luton ṣíwọ́ mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ṣíṣe ní 2002. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ṣẹ́ kù, wọ́n ti iléeṣẹ́ ẹ̀ pa lóṣù kẹta 2025. Tí ẹ bá ní fọ́tò Bedford ìdílé yín, tí ọ̀rọ̀ iwájú ẹ̀ ṣì ṣeé kà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ti ń kó wọn jọ.